Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà fún tọkọtaya, láti Lima títí dé Salvador: èwo ni ká yọ, èwo ni ká mú?

Arìnkiri_Méjì

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin tí ẹ mọ Gúúsù Amẹ́ríkà bí ẹni mowó.

Ètò ìrìn èèyàn méjì, tọkọtaya, ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi yẹ̀ wò. Ogúnjọ́ oṣù Kejìlá ni ìbẹ̀rẹ̀, ní Lima. Ọjọ́ kejì oṣù Kejì ni òpin, ní Salvador, nítorí ọdún Yemọja. Ọjọ́ 45 ni gbogbo rẹ̀.

Bí mo ṣe tò ó nìyí: Lima, Paracas, Ica, Arequipa, ká gba Tacna wọ Ṣílè ní Arica, Santiago àti Valparaíso, ká gun òkè Andes kọjá sí Mendoza, Buenos Aires, ká wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Colonia àti Montevideo, ká tọ etíkun Urugúáì dé Chuy, ká wọ Bràsíl, Florianópolis, Rio, Salvador. Ọkàn ìyàwó tún wà ní Cartagena àti igbó Tayrona ní Kòlómbíà, ó ní ká wá ọjọ́ mẹ́rin há a sáàárín ibì kan.

Èwo ni ká yọ? Ṣé bọ́ọ̀sì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ló dín owó kù jù? Kí ló máa ń dá èèyàn dúró lẹ́nubodè? Owó wo là ń mú dání? Ṣé òkun ibẹ̀ ṣeé wẹ̀ níbi gbogbo? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi “ẹ máa gbádùn ara yín” dá mi lóhùn. Iye wákàtí àti orúkọ ibi ni mo ń wá.

Olójú_Ọ̀nà

Ẹ kú ètò. Cartagena ni kí ẹ kọ́kọ́ yọ, kí ìyàwó má bínú. Etí òkun Karibíà ló wà, lápá àríwá pátápátá, gúúsù sì ni ẹ̀yin dojú kọ. Nínú ọjọ́ mẹ́rin tí ẹ fẹ́ há síbẹ̀, pápákọ̀ òfurufú ni yóò jẹ méjì. Ẹ ò sì lè sún un sẹ́yìn Salvador, torí Tayrona máa ń tì lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́dún kí igbó náà lè sinmi: ọjọ́ 1 sí 15 oṣù Kejì, ọjọ́ 1 sí 15 oṣù Kẹfà, àti ọjọ́ 19 oṣù Kẹwàá sí ọjọ́ 2 oṣù Kọkànlá. Àkọ́kọ́ yẹn gan-an ni yóò bá yín. Ẹ fi í sílẹ̀ fún àjò mìíràn.

Ti bọ́ọ̀sì: òru kan ṣoṣo ni òṣùwọ̀n. Bọ́ọ̀sì tó bá gbéra lálẹ́ tó sì gúnlẹ̀ láàárọ̀, ẹ wọ̀ ọ́. Ẹ ti sùn, ẹ ti fi owó òtẹ́ẹ̀lì alẹ́ ọjọ́ yẹn pamọ́. Tó bá ti di òru kan pẹ̀lú odidi ọ̀sán, ẹ yẹ iye ọkọ̀ òfurufú wò kí ẹ tó sanwó. Lórí ọ̀nà jíjìn, oúnjẹ, ara ríro àti ọjọ́ tó ṣòfò máa ń gbé bọ́ọ̀sì kọjá owó tí a rò pé ó jẹ́.

Tí a bá fi èyí wọn ètò yín, Lima sí Paracas tó nǹkan bíi 250 kìlómítà, wákàtí mẹ́rin, bọ́ọ̀sì ni. Ica sí Arequipa, bíi wákàtí 12, bọ́ọ̀sì alẹ́. Arequipa sí Tacna, wákàtí mẹ́fà sí méje, ẹ gbéra láàárọ̀. Arica sí Santiago ni pàkúté: ó lé ní 2,000 kìlómítà nínú aṣálẹ̀ Atacama, nǹkan bí wákàtí 30. Ọkọ̀ òfurufú kò gbà ju wákàtí mẹ́ta lọ. Àmọ́ ẹ ka ohun tí tíkẹ́ẹ̀tì olówó pọ́ọ́kú gbà láàyè, torí ọ̀pọ̀ wọn kò ka àpò ńlá mọ́ ọn. Báàgì tí ẹ bá san owó rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà lè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó tíkẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀. Santiago sí Mendoza kò ju 360 kìlómítà, síbẹ̀ ó ń gba wákàtí méje tàbí mẹ́jọ nítorí òkè àti ẹnubodè. Ojúmọmọ ni kí ẹ gbà á. Ẹni tó bá fi òru kọjá Andes ti sanwó ìran tí kò rí. Mendoza sí Buenos Aires, bíi 1,050 kìlómítà, wákàtí 14, òru kan gééré. Florianópolis sí Rio àti Rio sí Salvador, ẹ fò méjèèjì; ti Salvador yẹn lé ní 1,600 kìlómítà, bọ́ọ̀sì rẹ̀ ju odidi ọjọ́ kan lọ.

Àga ńkọ́? “Semicama” ni èyí tó ń rọ̀gbọ̀kú díẹ̀. “Cama” ni èyí tó fẹ̀ tó sì ń dùbúlẹ̀ dáadáa. Ní Perú wọ́n máa ń kọ 140, 160 tàbí 180 sí i, ìyẹn bí ẹ̀yìn àga ṣe ń lọ sílẹ̀ tó. Nínú bọ́ọ̀sì alájà méjì, ìsàlẹ̀ ni àwọn àga ńlá sábà máa ń wà, mẹ́ta sì ni wọ́n ń tò sí ìlà kan: méjì lápá kan, ẹyọ kan lápá kejì. Tọkọtaya tí kò bá wo àwòrán àga dáadáa kí wọ́n tó tẹ bọ́tìnnì á bá ara wọn níwájú-lẹ́yìn. Ẹ yẹra fún ìlà tó wà nídìí ilé ìgbẹ́. Ẹ mú súwẹ́tà wọlé, ẹ̀rọ amúlétutù wọn kì í ṣàánú ẹnikẹ́ni. Báàgì ńlá ń lọ sí ìsàlẹ̀ ọkọ̀, wọ́n á fún yín ní ìwé kékeré tó ní nọ́ńbà. Láìsí ìwé yẹn, wọn kì í dá ẹrù padà. Báàgì kékeré tí ìwé ìrìnnà àti fóònù wà nínú rẹ̀, itan ni kí ó wà, kì í ṣe òkè orí, kì í sì í ṣe ìsàlẹ̀ àga tí ẹni ẹ̀yìn lè na ọwọ́ sí.

Ohun kan nípa Lima: kò sí ibùdókọ̀ kan tí gbogbo bọ́ọ̀sì ti ń gbéra. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ló ní tirẹ̀, àwọn kan tiẹ̀ ní ju ẹyọ kan lọ. Àdírẹ́ẹ̀sì tó wà lára tíkẹ́ẹ̀tì ni kí ẹ fi han awakọ̀ takisí, ẹ má kàn dárúkọ ilé-iṣẹ́. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ibẹ̀ lè jẹ wákàtí kan ààbọ̀.

Ní Paracas, òwúrọ̀ ni ọkọ̀ ojú omi tó ń lọ sí erékùṣù Ballestas máa ń gbéra, àlọ-àbọ̀ rẹ̀ sì tó wákàtí méjì. Kì í ṣe pé wọ́n ya ọ̀lẹ lọ́sàn-án o. Afẹ́fẹ́ líle kan tí òun náà ń jẹ́ “paracas” ló máa ń dìde tó bá di ọ̀sán, omi á ru, wọ́n á sì ti èbúté. Nítorí náà, ẹ sùn sí Paracas lálẹ́ tó ṣáájú. Ẹ má retí láti gbéra ní Lima láàárọ̀ kí ẹ sì bá ọkọ̀. Wọn kì í sọ̀ yín kalẹ̀ lórí erékùṣù náà, inú ọkọ̀ lẹ ó ti wo kìnnìún òkun àti ẹyẹ pẹ́ńgúìnì. Fìlà ṣe pàtàkì, ìgbẹ́ ẹyẹ ń bọ̀ látòkè. Huacachina, adágún kékeré láàárín òkìtì iyanrìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ica, ìrọ̀lẹ́ ni tirẹ̀: iyanrìn ti tutù, oòrùn sì ń wọ̀ lẹ́yìn òkìtì.

Aṣọ́bodè

Olójú_Ọ̀nà ti sọ ti ọ̀nà. Ẹ jẹ́ kí n mú ti ìwé.

Gúúsù Amẹ́ríkà kò ní físà kan tó ṣí gbogbo ilẹ̀kùn bíi ti Schengen ní Yúróòpù. Perú, Ṣílè, Ajẹntínà, Urugúáì, Bràsíl: márùn-ún ni wọ́n, òfin márùn-ún ni, ìwé ìrìnnà tí ẹ bá gbé dání ló sì ń pinnu èyí tí ẹ nílò. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ilé aṣojú ìjọba ọ̀kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì kankan. Oore kan wà nínú ètò yín: ẹ kò padà sí orílẹ̀-èdè tí ẹ ti kúrò, nítorí náà físà àwọlé ẹ̀ẹ̀kan tó. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ní kí ẹ ti Colonia padà sùn ní Buenos Aires, ẹ ti di ẹni tó nílò àwọlé ẹ̀ẹ̀mejì ní Ajẹntínà. Ibi tí tọkọtaya ti máa ń kọsẹ̀ ni owó báńkì: tó bá jẹ́ àkáǹtì ẹnì kan ló fẹ́ gbé èèyàn méjì, ẹ fi ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó tì í, pàápàá tí orúkọ ìdílé yín kò bá bára mu. Àwọn tó ń gbé yín lọ sí Lima náà lè béèrè tíkẹ́ẹ̀tì tó fi hàn pé ẹ ó jáde ní Perú. Tíkẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀sì tó kọjá ẹnubodè máa ń tó nígbà míì, ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn ṣáájú.

Àjẹsára ibà pọ́njú: ẹ gbà á, ó kéré tán, ọjọ́ 10 kí ẹ tó gbéra, torí ìgbà yẹn ni káàdì bẹ̀rẹ̀ sí í ní agbára. Láti 2016, káàdì náà kì í kú mọ́, ti ọ̀pọ̀ ọdún sẹ́yìn ṣì ń ṣiṣẹ́. Ẹ má tọ́jú rẹ̀ sínú báàgì ńlá.

Tacna sí Arica: ní ibùdókọ̀ ìlú òkèèrè ní Tacna, ẹ ó rí àwọn kàà tí wọ́n ń pè ní “colectivo”. Èrò márùn-ún ni wọ́n ń kó, ọkọ̀ kò ní kúrò títí yóò fi kún. Ẹ ó kọ́kọ́ san owó ìlò ibùdókọ̀, owó kékeré, nítorí náà ẹ fi ṣẹ́ńjì sọ́wọ́. Awakọ̀ mọ gbogbo fèrèsé tó yẹ kí ẹ dúró sí. Ẹ máa tẹ̀ lé e, ẹ má jẹ́ kí ó kúrò lójú yín. Ní oṣù Kejìlá, aago Ṣílè fi wákàtí méjì ṣáájú ti Perú. Ẹni tó bá kúrò ní Tacna ní agogo mẹ́wàá àárọ̀ tí wákàtí méjì sì tán lọ́nà, agogo méjì ọ̀sán ni yóò bá ní Arica. Ìyẹn ti mú ọ̀pọ̀ èèyàn pàdánù ọkọ̀ òfurufú.

Ṣílè kì í fi èso ṣeré rárá. SAG, àjọ iṣẹ́ àgbẹ̀ wọn, ń yẹ gbogbo ẹrù wò: èso, ẹran, wàrà, oyin, irúgbìn, igi tí wọn kò tọ́jú. Ìbéèrè kan wà nínú fọ́ọ̀mù, bóyá ẹ gbé irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Tí ẹ bá ní “bẹ́ẹ̀ ni”, ohun tó burú jù ni pé wọ́n á gbà á lọ́wọ́ yín. Tí ẹ bá ní “rárá” tí wọ́n sì bá ápù kan nínú báàgì, owó ìtanràn ni, wọn kò sì bìkítà bóyá ẹ gbàgbé. Ápù tí wọ́n pín nínú bọ́ọ̀sì wà nínú rẹ̀.

Ìwé pélébé tí wọ́n bá fún yín nígbà tí ẹ bá wọlé, ẹ tọ́jú rẹ̀ bí ojú. Wọn yóò béèrè rẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń jáde. Ó tún ní èrè: àjèjì tó bá fi dọ́là tàbí káàdì ilẹ̀ òkèèrè sanwó, tó fi ìwé ìrìnnà àti ìwé pélébé yẹn hàn, kì í san owó orí ọjà (IVA), ìdá 19 nínú ọgọ́rùn-ún, lórí yàrá òtẹ́ẹ̀lì. Kì í ṣe gbogbo òtẹ́ẹ̀lì ló wà nínú ètò yìí, àwọn ilé kéékèèké kì í sábà sí níbẹ̀. Kí ẹ tó gba yàrá ni kí ẹ béèrè: “¿sin IVA para extranjeros?”

Òkè Andes: ọ̀nà Los Libertadores ni bọ́ọ̀sì ń gbà, ihò abẹ́ òkè tó wà ní nǹkan bíi 3,200 mítà. Yìnyín ló ń ti ọ̀nà náà nígbà òtútù wọn, ìyẹn oṣù Kẹfà sí Kẹsàn-án. Ti yín bọ́ sí ẹ̀ẹ̀rùn, èrò ni ìṣòro: títò lẹ́nubodè ní oṣù Kìíní lè gba wákàtí mẹ́ta. Ẹ gbé omi àti bisikíìtì, ẹ má ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ mìíràn ní Mendoza fún alẹ́ ọjọ́ kan náà.

Buenos Aires sí Colonia: nǹkan bíi wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 15 nínú ọkọ̀ tó ń sáré. Òṣìṣẹ́ Ajẹntínà àti ti Urugúáì jókòó sí èbúté kan náà ní Buenos Aires, ibẹ̀ lẹ ó ti gba òǹtẹ̀ méjèèjì léraléra. Ẹ dé ibẹ̀ ní wákàtí kan ààbọ̀ ṣáájú.

Chuy wá ni ibi tí mo fẹ́ kí ẹ fi ìka sí. Òpópónà kan ló la ìlú náà láàárín, apá kan Urugúáì, apá kejì Bràsíl, kò sí géètì, kò sí ọlọ́pàá tó ń dá èèyàn dúró. Ọ́fíìsì òǹtẹ̀ kò sí nínú ìlú: ti Urugúáì wà lẹ́yìn ìlú, kí ẹ tó wọ̀ ọ́, ti Bràsíl náà wà lẹ́yìn ìlú lápá kejì. Bọ́ọ̀sì tó ń ti etíkun Urugúáì bọ̀ kì í fúnra rẹ̀ dúró níbẹ̀. Ẹ sọ fún awakọ̀ látìbẹ̀rẹ̀ pé “migraciones”, ìyẹn ọ́fíìsì òǹtẹ̀, ẹ sọ̀ kalẹ̀, ẹ gba òǹtẹ̀ ìjáde, kí ẹ wá wọ takisí lọ sí ti Bràsíl. Ẹni tí kò bá gbà wọ́n á rìn fàlàlà dé Rio, ọjọ́ tó bá fẹ́ jáde ní Bràsíl ni wọ́n á sọ fún un pé kò sí àkọsílẹ̀ pé ó wọlé rí. Owó ìtanràn nìyẹn, ó sì lè jẹ́ ọkọ̀ òfurufú tó lọ. Bọ́ọ̀sì tààrà láti Montevideo sí Porto Alegre kò ní wàhálà yìí. Òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ló ń kó ìwé èrò lọ gba òǹtẹ̀. Síbẹ̀, ẹ la ìwé yín wò kí ẹ tó padà sùn.

Ọwọ́_Dídì

Owó, ní ṣókí. Ẹ gbé káàdì méjì ó kéré tán, ti báńkì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, Visa kan àti Mastercard kan, kí ọkọ mú ọ̀kan, kí ìyàwó mú èkejì. Káàdì méjèèjì nínú pọ́ọ̀sì kan, bí ẹni kò ní káàdì ni.

Ẹ mú dọ́là díẹ̀ dání, bébà ọgọ́rùn-ún, tó mọ́, tí kò ya, tí wọn kò kọ nǹkan sí lára. Àwọn tó ń ṣẹ́ owó máa ń dá èyí tó bá ya díẹ̀ padà. Sol Perú tó ya náà, ọjà kì í gbà á. Ẹ dá a padà lójú ẹsẹ̀ tí wọ́n bá fi ṣe ṣẹ́ńjì fún yín.

Ajẹntínà: àwọn ìtọ́sọ́nà àtijọ́ yóò ní kí ẹ wá “dọ́là blue” lójú pópó nítorí àlàfo tó wà láàárín rẹ̀ àti ti báńkì. Láti oṣù Kẹrin 2025 tí ìjọba ti tú ìdè tó wà lórí ṣíṣẹ́ owó ilẹ̀ òkèèrè fún ẹnikọ̀ọ̀kan, àlàfo yẹn ti dín kù gan-an. Káàdì ni kí ẹ fi sanwó. Àwọn tó ń kígbe “cambio, cambio” ní òpópónà Florida kò tó ewu owó ayédèrú mọ́. Ẹ yẹra fún ATM ibẹ̀: owó kékeré ló ń san jáde lẹ́ẹ̀kan, owó tó sì ń yọ lórí ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ga.

Níbi gbogbo, ẹ̀rọ yóò béèrè bóyá kí ó ṣírò owó sí dọ́là fún yín. Owó ìlú ni kí ẹ yàn. Ẹ̀rọ tó fi ara hàn bí olùrànlọ́wọ́ yẹn, èrè tirẹ̀ ló ń wá.

Bràsíl: Pix, ètò ìsanwó orí fóònù, ni gbogbo ayé fi ń sanwó níbẹ̀, àlejò tí kò ní CPF (nọ́ńbà owó orí wọn) àti àkáǹtì báńkì ibẹ̀ kì í sábà rí i lò. Káàdì ṣì ń ṣiṣẹ́ títí dé ọ̀dọ̀ alágbọn etíkun. Ṣùgbọ́n ẹ ka iye tó wà lójú ẹ̀rọ kí ẹ tó fi káàdì kàn án. Tí ojú ẹ̀rọ bá fọ́, tàbí tí ó bá ń fi ọwọ́ bò ó, ẹ san owó bébà tàbí kí ẹ máa lọ. Òdo kan tí wọ́n fi kún un ni reais (owó Bràsíl) 20 ṣe ń di 200.

Ọmọ_Olókun

Ìdáhùn sí “ṣé òkun ṣeé wẹ̀ níbi gbogbo” ni rárá, ìdí rẹ̀ sì dùn ún mọ̀. Ìṣàn omi tútù Humboldt ń ti gúúsù gòkè lẹ́bàá Ṣílè àti Perú, afẹ́fẹ́ sì ń ti omi òkè lọ kí ti ìsàlẹ̀ jíjìn lè rú wá sókè. Omi yẹn tutù, ó kún fún oúnjẹ ẹja, ìdí nìyẹn tí kìnnìún òkun fi pọ̀ níbẹ̀. Òun náà ni kì í jẹ́ kí òjò rọ̀ ní etíkun Perú, tí aṣálẹ̀ fi dé etí omi, tí kùrukùru “garúa” fi ń bo Lima láti bí oṣù Kẹfà sí Kẹwàá. Ní ìparí oṣù Kejìlá, oòrùn ti yọ ní Lima, omi ṣì ń rán èèyàn létí. Ní Valparaíso àti Viña del Mar, ẹ ó rí ẹgbàágbèje èèyàn lórí iyanrìn, ìwọ̀nba ni ẹni tó wọ omi kọjá orúnkún. Ẹ má jẹ́ kí òtútù omi tàn yín, oòrùn ibẹ̀ ń jó awọ.

Montevideo: omi odò Río de la Plata ló wà níwájú ìlú, àwọ̀ ilẹ̀ ni, kò mọ́ gaara bíi ti òkun. Ẹ rìn lórí rambla rẹ̀, ọ̀nà etí omi, ó lé ní 20 kìlómítà. Láti Punta del Este lọ sí òkè ni òkun ti ń di òkun. Ibẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ méjì: Playa Mansa, omi jẹ́ẹ́jẹ́, Playa Brava, ìgbì líle, níbi tí ère ìka ọwọ́ tí Mario Irarrázabal ṣe ní 1982 ti yọ jáde láti inú iyanrìn. Orúkọ àwọn méjèèjì ti sọ gbogbo rẹ̀ tán.

Cabo Polonio, abúlé kan ní etíkun Urugúáì, ẹ má yọ ọ́. Kò sí títì tó dé ibẹ̀. Bọ́ọ̀sì á já yín sílẹ̀ ní ibùdó tó wà ní ọ̀nà Ruta 10, ọkọ̀ ńlá onítáyà gíga á wá gbé yín gba orí òkìtì iyanrìn, bíi kìlómítà 7. Iná ìjọba kò dé ibẹ̀. Ẹ gbé tọ́ọ̀ṣì, owó bébà, pawabáńkì tó kún, àti báàgì kékeré nìkan. Àpótí onítáyà kì í rìn nínú iyanrìn.

Florianópolis jẹ́ erékùṣù tó ní òkun onírúurú. Àríwá, bíi Jurerê àti Canasvieiras, omi lọ́ wọ́ọ́rọ́, kò ru. Ìlà-oòrùn àti gúúsù, bíi Joaquina, Mole àti Campeche, ìgbì ga, omi tutù díẹ̀. Ẹ yan apá kan kí ẹ sùn síbẹ̀. Oṣù Kìíní ni ìsinmi àwọn ará Bràsíl àti Ajẹntínà, ọkọ̀ ń tò bí ìjàlọ. Ẹni tó sùn ní àríwá tó ní òun ń lọ wẹ̀ ní gúúsù lójoojúmọ́, inú bọ́ọ̀sì ni yóò ti lo ìsinmi rẹ̀.

Ìṣàn tó ń fa èèyàn lọ sójú agbami ló ń pani ní etíkun Bràsíl, kì í ṣe ìgbì. Ẹ wo omi láti orí iyanrìn fún ìṣẹ́jú márùn-ún kí ẹ tó wọ̀ ọ́. Ibi tí ìgbì ti ń fọ́ funfun ní ọ̀tún àti òsì, tí àárín rẹ̀ wá dákẹ́, tó dúdú díẹ̀, tí ìfófòó ń rìn padà sókè òkun: ojú ọ̀nà rẹ̀ nìyẹn. Ó ń tan àlejò torí ó dà bí ibi tó rọ jù. Tó bá mú yín, ẹ má wẹ̀ kọ orí sí etíkun. Ẹ wẹ̀ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, bí ẹni ń tọ etí iyanrìn, títí ẹ ó fi kúrò nínú rẹ̀, ìgbì funfun á gbé yín padà. Ibi tí àsíá pupa bá wà, ẹnì kankan nínú yín kò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́, kódà “láti fi ẹsẹ̀ kàn án”.

Arìnkiri_Méjì

Ẹ ṣeun, ẹ kú làálàá. A ti yọ Cartagena; ìyàwó ti gbà, ó ní ẹ jẹ òun ní gbèsè. Kò sẹ́ni tó sọ ibi tó yẹ kí a wà ní alẹ́ ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá. Ọjọ́ mélòó ló sì yẹ kí a pín sí ibì kọ̀ọ̀kan?

Olójú_Ọ̀nà

Lima, ọjọ́ 20 sí 23. Paracas àti Ica, 23 sí 25. Ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀sì àsìkò Kérésì ṣáájú, gbogbo Lima ló ń rìn. Arequipa, 26 sí 28. Ó wà ní nǹkan bíi 2,335 mítà, orí kì í sábà fọ́ ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Àmọ́ tí ẹ bá fi kún un pé ẹ fẹ́ dé àfonífojì Colca, ọ̀nà rẹ̀ ń gun bíi 4,900 mítà kí ó tó sọ̀ kalẹ̀. Ẹ fi odidi ọjọ́ kan sinmi ní Arequipa ṣáájú. Ọjọ́ 29 ẹ kọjá sí Arica, ọjọ́ 30 ẹ fò sí Santiago.

Alẹ́ ọjọ́ 31: iná àfihàn tí wọ́n ń yìn sójú ọ̀run ní Valparaíso lókìkí, ìdí nìyẹn tí yàrá fi ń tán ní ọ̀pọ̀ oṣù ṣáájú, tí ọ̀nà Santiago sí etíkun sì ń há. Tí ẹ kò bá tíì ní yàrá báyìí, ẹ dúró sí Santiago, kí ẹ lọ sí Valparaíso ní ọjọ́ 2 nígbà tí àwọn èrò ń padà. Ibùdókọ̀ Pajaritos ni kí ẹ ti wọ ọkọ̀, ó wà lórí ọ̀nà rélùwéè abẹ́lẹ̀, bọ́ọ̀sì kì í sì í pẹ́ gbéra. Wákàtí kan ààbọ̀ lẹ dé. Òkè Alegre àti òkè Concepción ni kí ẹ sùn sí, kì í ṣe ìsàlẹ̀ lẹ́bàá èbúté. Ọkọ̀ kékeré orí irin tó ń fa èèyàn gòkè, “ascensor”, ti wà níbẹ̀ láti 1883. Òmíràn nínú wọn máa ń wà ní àtúnṣe, nítorí náà ẹ má fi ẹyọ kan ṣoṣo gbẹ́kẹ̀ lé pẹ̀lú ẹrù lọ́wọ́.

Mendoza, 6 sí 9. Buenos Aires, 10 sí 14. Ẹ ra káàdì SUBE kan, èyí tí wọ́n fi ń san owó ọkọ̀ èrò, ó tó èèyàn méjì, ẹ kàn fi kan ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀mejì. Bí ẹnikẹ́ni bá fi ọwọ́ tọ́ yín pé nǹkan dà sí yín láṣọ tó sì ń yọ háńkáṣíìfù, ẹ máa rìn lọ. Ẹni tó da á sí yín náà nìyẹn, ẹnì kejì rẹ̀ ti ń wo báàgì. Colonia, òru kan. Montevideo, méjì. Cabo Polonio àti Punta del Diablo, 17 sí 20. Porto Alegre, òru kan kí ara balẹ̀. Florianópolis, 22 sí 26. Rio, 26 sí 30. Ó ku Salvador.

Bí ọjọ́ bá há, Arequipa ni kí ẹ yọ: ẹ ti Ica padà sí Lima kí ẹ fò tààrà sí Santiago, kò tó wákàtí mẹ́rin, ẹ sì bọ́ lọ́wọ́ Tacna àti Arica pátápátá.

Rio kò nílò ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ère Cristo Redentor wà lórí òkè 710 mítà, kùrukùru sì máa ń bò ó mọ́lẹ̀. Ẹ wo orí òkè láti etíkun kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì ọjọ́ náà. Pão de Açúcar, ọkọ̀ orí wáyà ni ní ìpele méjì, 220 mítà lẹ́yìn náà 396. Ẹ gòkè ní agogo mẹ́rin kí ẹ lè bá ìwọ̀ oòrùn.

Ojúlé_Bahia

Salvador. Ọjọ́ 30 tí wọ́n dá yẹn pẹ́ jù díẹ̀, ẹ dé ní 29 tí ẹ bá lè ṣe é, torí yàrá àti ọ̀nà ń há bí ọjọ́ Yemọja ṣe ń sún mọ́lé.

Adúgbò Rio Vermelho ni ọdún náà wà. Wọ́n máa ń ti ọ̀nà pa, takisí kò ní wọlé. Nítorí náà, ẹ sùn sí Rio Vermelho fúnra rẹ̀ tàbí ibi tí ẹ lè fẹsẹ̀ rìn dé. Láti ìdájí ni àwọn èèyàn ti ń tò láti fi ẹ̀bùn sínú apẹ̀rẹ̀, ìrọ̀lẹ́ ni ọkọ̀ ojú omi ń gbé ẹ̀bùn ńlá lọ sójú òkun. Ẹ lọ ní agogo márùn-ún àárọ̀. Lẹ́yìn agogo mẹ́sàn-án, ọdún ti di ijó àti ọtí, oòrùn ti mú. Aṣọ funfun tàbí aláwọ̀ búlúù. Òdòdó ni kí ẹ mú wá. Ẹ má sọ ìgò lọ́fínńdà, díńgí tàbí ike sínú òkun, àwọn ará ibẹ̀ fúnra wọn ti ń bẹ èèyàn pé kí wọ́n jáwọ́.

Àkàrà ni acarajé, ẹ kò nílò ògbufọ̀. Epo pupa ni wọ́n fi ń dín in, wọ́n á là á láàárín, wọ́n á fi vatapá (ọbẹ̀ kíki), caruru (ọbẹ̀ ilá) àti edé gbígbẹ sí i. Obìnrin tó ń tà á yóò béèrè “quente?” Bí ẹ bá tú u sí “gbígbóná”, ẹ ó dáhùn “bẹ́ẹ̀ ni”, ata ni yóò dà sí i. Ohun tó ń béèrè nìyẹn, bóyá ẹ fẹ́ ata.

Elevador Lacerda, ẹ̀rọ tó ń gbé èèyàn gòkè-sọ̀kalẹ̀, so ìlú òkè mọ́ ìlú ìsàlẹ̀ láti 1873, 72 mítà. Ẹ lò ó lójúmọmọ. Tí ilẹ̀ bá ti ṣú, àdúgbò tó wà láàárín ìlú méjèèjì kì í ṣe ibi tí à ń fẹsẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Òkun tó tòrò jù láàárín ìlú ni Porto da Barra. Inú ọ̀sà ló kọjú sí, ìwọ̀-oòrùn, nítorí náà ojú omi ni oòrùn ń wọ̀ sí, èyí kò wọ́pọ̀ ní etíkun Bràsíl.

Bí ẹ bá fẹ́ dé ilé òrìṣà, bíi Casa Branca tàbí Ilé Àṣẹ Òpó Àfọ̀njá, ẹ kọ́kọ́ béèrè ọjọ́ tí wọ́n ṣí sílẹ̀ fún àlejò, kì í ṣe ojoojúmọ́. Ẹ wọ funfun, kí obìnrin wọ síkẹ́ẹ̀tì tó kọjá orúnkún, kí èjìká má ṣe ṣí. Fóònù kò gbọdọ̀ jáde lápò. Ní ọ̀pọ̀ ilé, ọkùnrin ń jókòó lápá kan, obìnrin lápá kejì, wọ́n á ya yín sọ́tọ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ ti fi ẹnu kò ṣáájú lórí ibi tí ẹ ó ti pàdé àti ẹni tí owó takisí wà lọ́wọ́ rẹ̀, torí orin ibẹ̀ lè dé ọ̀gànjọ́, ẹ kò sì ní lè pe ara yín.